Ènìyàn Ni Aṣọ: Ìbẹ̀rù Ojú Ayé àti Agbára Ẹni Kejì

Nígbà tí olóòtú ní kí a kọ ohun kan tí yóò wúlò fún òbí àti ọmọ, ìpàdé kan tí a ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ó sọ sí wa lọ́kàn.

Ìpàdé ìgbìmọ̀ ayẹyẹ kan ni. Àwa tí a ń kọ èyí jókòó níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan aṣọ tí ẹgbẹ́ yóò dá, ẹnìkan fa léèsì yọ nínú àpò, ó sì dá iye lé e. Iye náà ju owó ìfẹ̀yìntì oṣù kan tí àwọn mìíràn nínú wa ń gbà lọ. Alága béèrè bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Ilé pa lọ́lọ́. A wo ọ̀tún, a wo òsì, ẹ̀rín ni a rí lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Gbogbo ọwọ́ lọ sókè, tiwa pẹ̀lú.

Nígbà tí ọjọ́ ayẹyẹ pé, ẹnìkan tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti kíláàsì kìíní títí a fi jáde kò wá. A pè é lórí fóònù, ó ní ara òun kò dá. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni ó tó jẹ́wọ́ fún wa pé ara òun dá ṣáṣá. Aṣọ ni òun kò rí rà, òun kò sì fẹ́ kí òun nìkan dá yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ òun. Ohun tí ó dùn wá jù ni èyí tí a gbọ́ lẹ́yìn náà: ènìyàn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ yẹn sọ fún wa, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pé iye owó náà kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Olúkúlùkù rò pé òun nìkan ni. Ẹni mẹ́rin ni wá, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ pé a pé mẹ́rin.

Kí ni ó gbé ọwọ́ wa sókè nígbà náà? Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú wa. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan.

Bí aṣọ ẹbí ṣe kúrò ní ti ẹbí

Orúkọ náà fúnra rẹ̀ sọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Aṣọ tí ẹbí wọ̀ ni. Níbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, àwọn ọmọ olóòkú tàbí ará ilé ìyàwó a da aṣọ kan náà bora, kí àlejò tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá lè mọ àwọn tí ó ni ìnáwó, kí ó sì mọ ẹni tí yóò kí. Àṣà rere ni. Ó ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ pé kò dá ọ̀fọ̀ náà ṣe.

Díẹ̀díẹ̀ ni ó gba ọwọ́ ẹbí bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ó ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ dé ọwọ́ ará ibi iṣẹ́ àti ti ìjọ. Lẹ́yìn òmìnira wa ní 1960, léèsì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ní ẹkùn Vorarlberg ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Austria, pàápàá ní ìlú Lustenau, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Nàìjíríà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ láàárín 1970 sí 1980, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba owó Údójì ní 1975, léèsì di aṣọ ẹni tí ó rọ́wọ́ mú. Ẹ̀yin ojúgbà wa yóò rántí bí àwọn olórin jùjú ṣe ń dárúkọ olówó lójú agbo, tí a sì ń fi owó lé wọn níwájú orí.

Lónìí, agbo náà kò ní ògiri mọ́. Kí ìyàwó tó kúrò lójú agbo, àwòrán rẹ̀ ti dé Lọ́ńdọ̀nù àti Houston lórí fóònù. Fíìmù *The Wedding Party*, tí ó jáde ní 2016, fi ìgbéyàwó olówó ìlú Èkó han gbogbo ayé; ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó gbọ́dọ̀ rí. Nígbà àtijọ́, ojú àwọn tí ó wá nìkan ni ó ń wo ni. Ní báyìí, ojú àwọn tí kò wá pọ̀ ju ti àwọn tí ó wá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé aṣọ mìíràn tí gbogbo wa jọ wọ̀. Ní ọjọ́ tí a wọ ilé-ìwé yìí, aṣọ kan náà ni wọ́n dá fún wa. Ọmọ olóko kòkó wọ̀ ọ́, ọmọ alágbàṣe tí ó ń ro oko náà sì wọ̀ ọ́. Ìdí tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn olùkọ́ wa fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí a má baà mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ tálákà. Aṣọ ẹbí ti òde òní pẹ̀lú jẹ́ aṣọ kan náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òdìkejì ni ó ń ṣe. Ó ń ya ẹni tí ó lè san owó sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò lè san án. Níbòmíràn, ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ kò ní í rí àga iwájú, oúnjẹ lè má kàn án, ẹ̀bùn ìrántí kò sì ní í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ìdánwò kan fi hàn

Ní 1951, Solomon Asch, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìṣesí ènìyàn, tí a bí ní Poland, tí ó sì ń kọ́ni ní Swarthmore College ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sínú yàrá, bí ènìyàn 7 sí 9 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fi ìlà kan hàn wọ́n lórí páálí, ó sì fi ìlà mẹ́ta hàn wọ́n lórí páálí kejì, kí wọ́n sọ èwo nínú mẹ́ta náà ni ó gùn dọ́gba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn ni a ń dán wò. Asch ti bá àwọn yòókù sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé, ní ìgbà 12 nínú ìgbà 18, kí wọ́n jùmọ̀ fi ẹnu kan dárúkọ ìlà tí kò tọ̀nà. Ẹni tí a ń dán wò yóò ti gbọ́ ìdáhùn wọn kí ó tó kàn án.

Bí ènìyàn bá dá wà, ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó ṣi ìdáhùn náà. Láàárín àwọn wọ̀nyí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdáhùn ni ó tẹ̀lé àṣìṣe ọ̀pọ̀. Nínú ènìyàn mẹ́rin, mẹ́ta yẹsẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan ni kò yẹsẹ̀ rárá. Nígbà tí a bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, àwọn kan ní àwọn rò pé ojú àwọn ni kò ríran dáadáa. Àwọn mìíràn rí òtítọ́ kedere, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ dá yàtọ̀. Ipò tí àwa wà nínú ìpàdé ọjọ́ náà gan-an nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń parí ìtàn yìí sí nìyí, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti dùn jù kù lẹ́yìn. Asch tún ìdánwò náà ṣe, ó sì fi ẹnìkan sí àárín wọn tí yóò máa sọ òtítọ́. Ẹnìkan péré. Àṣìṣe já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó sì ní kí ẹni tí a ń dán wò kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé dípò kí ó sọ ọ́ jáde, àṣìṣe dínkù púpọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pípọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ ni ó ń ṣẹ́gun wa jù, bí kò ṣe dídá tí a dá wà. Àwọn àgbà wa ti mọ èyí pẹ́ tí wọ́n fi ní ẹnìkan kì í jẹ́ "àwá dé". Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè jẹ́ ẹ.

Òfin kò tó ojú

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífọ́n owó náírà síni lára lójú agbo àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ kò dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí owó ìtanràn 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ayẹyẹ ni ẹ ó lọ tí ẹ kò ní í rí i. Ẹni tí ó ń fọ́n owó mọ̀ pé òfin wà. Ọlọ́pàá jìnnà sí i ni. Ojú àwọn àna rẹ̀ ni ó wà nítòsí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò wí pé kí a má ṣe bìkítà fún ojú ènìyàn. Ìtìjú wà lára ohun tí ó ń sọ ọmọ di ọmọlúàbí. Bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, bí a ṣe ń dìde nígbà tí agogo òwúrọ̀ bá lù, nípa wíwo ẹlòmíràn ni a fi kọ́ wọn. Ìyàtọ̀ ni a gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí títẹ̀lé ẹgbẹ́ bá ń gbé aláìní ró, ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé e. Bí ó bá ń lé aláìní kúrò láàárín wa, tàbí tí ó ń mú òpó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ra gèlè, ó ti di òrìṣà.

Pétérù ní Áńtíókù

Ìwé Mímọ́ kò fi èyí pamọ́ fún wa. Àpọ́sítélì Pétérù fúnra rẹ̀ rí ìran, ó lọ sí ilé Kọ̀nílíù, ó sì mọ̀ pé Ọlọ́run kì í ṣe ojúsàájú. Nígbà tí ó dé Áńtíókù, ó ń bá àwọn Kèfèrí jẹun. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan ṣe ti Jerúsálẹ́mù dé, ó fà sẹ́yìn, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí ìbẹ̀rù wọn. Àwọn Júù yòókù tẹ̀ lé e, títí kan Bánábà. Ẹ̀kọ́ Pétérù kò yí padà. Ìjókòó rẹ̀ nìkan ni ó yí padà. Àwọn tí ó kù sórí tábìlì ni ìyà rẹ̀ sì jẹ. Ó gba kí Pọ́ọ̀lù bá a wí lójú gbogbo ènìyàn kí ọ̀rọ̀ náà tó lójú.

Àwa oníwàásù fẹ́ràn láti fi àwọn ọmọ Hébérù tí ó kọ̀ láti tẹríba fún ère Nebukadinésárì ṣe àpẹẹrẹ ìgboyà fún àwọn ọ̀dọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sábà rán ara wa létí pé mẹ́ta ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n dá ọba lóhùn, "àwa" ni wọ́n ń wí.

Ohun tí a lè ṣe

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe sọ fún ọmọ yín nìkan pé kí ó dá dúró. Ẹ wá ẹni kejì fún un, kí ẹ sì jẹ́ ẹni kejì náà fúnra yín. Nígbà tí wọ́n bá kéde owó ayẹyẹ ìparí ọdún sínú ẹgbẹ́ àwọn òbí lórí WhatsApp, tí gbogbo ènìyàn sì ń kọ "ó dára, ó dára", ẹnìkan níbẹ̀ ń ronú ibi tí òun yóò ti yá owó. Bí ẹ̀yin tí ó ní owó náà lọ́wọ́ bá kọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ a kò lè dín in kù?" ẹ ti la ẹnu ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní í wọ́n ẹni tí ó ní. Ẹni tí kò ní ni ìtìjú kò ní í jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ọmọ yín tí ó bá sì rí i pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ kì yóò gbàgbé ní ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi ohun burúkú lọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, bí ọ̀rọ̀ owó bá délẹ̀ ní ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ kí á pín ìwé pélébé fún olúkúlùkù kí ó kọ iye tí agbára rẹ̀ gbé, kí á má sì kọ orúkọ sí i. Bí á bá sì fẹ́ jọ ara wa, àwọ̀ kan tó, tàbí fìlà àti gèlè nìkan. Ẹni tí ó ní àdìrẹ búlúù nílé yóò wọ̀ ọ́, ẹni tí ó ní léèsì búlúù yóò wọ̀ ọ́, ẹgbẹ́ yóò sì jọ ẹgbẹ́. "Ṣe bí o ti mọ," ni wọ́n ń wí fún Ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn lè ṣe bí ó ti mọ.

Àwọn baba wa ní ènìyàn ni aṣọ. Ní ọdún yẹn, a ra aṣọ, a sì pàdánù ènìyàn. Ní ọdún yìí, a ti bá ọ̀rẹ́ wa sọ̀rọ̀. A sọ fún un pé aṣọ funfun àtijọ́ tí a máa ń wọ̀ lọ sí ilé ìsìn ni àwa yóò wọ̀ wá, a ó sì jókòó sí ẹ̀yìn, ní apá ibi tí bẹ́ǹṣì wa wà nígbà náà. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, agogo mélòó ni ìsìn yóò bẹ̀rẹ̀?

Kí Olúwa fún olúkúlùkù wa ní ẹni kejì ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀, kí ó sì fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti jẹ́ ẹni kejì fún ẹlòmíràn. Àmín.