WESLEY: ORÚKỌ ÌDÍLÉ TÓ DI ORÚKỌ ÌSÀMÌ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Síbẹ̀, àwọn kan wà láàárín wa ní Rumuokoro níbí tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìsàmì tí wọn kò mọ ilé tí ó ti wá. Ọ̀kan nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni Wesley.

Orúkọ ibùgbé ni Wesley jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí a ṣán igbó rẹ̀ ní apá ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ń fi pè, bí àwa náà ti ń pe ènìyàn ní Bàbá Ìjẹ̀bú tàbí Ìyá Ọ̀fà lọ́jà. Nígbà tí ó yá, ó di orúkọ ìdílé tí ọmọ ń jogún.

Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí John Wesley sí ní Epworth ní ọdún 1703. Òun àti Charles àbúrò rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó di ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Nítorí iyì rẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ ń fi orúkọ ìdílé rẹ̀ sọ ọmọ wọn. John pọ̀ nílé lóko; Wesley ni ó ń fi ẹni tí wọ́n ń rántí hàn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ìjọ náà sì wọ ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni a rí Wesley College ní Ìbàdàn ní ọdún 1905, àti Wesley Guild Hospital ní Iléṣà. Orúkọ náà kò ṣàjèjì mọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí a kò sọ ìdí rẹ̀ dà bí aṣọ àyálò. Ọjọ́ tí Mandela kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ní Qunu ni olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Nelson, tí òun náà jẹ́ orúkọ ìdílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé òun kò mọ ìdí tí ó fi yan orúkọ náà fún òun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ọmọ wa. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ ní Wesley, kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún un, kí ó sì fi orúkọ àbísọ àti oríkì kún un. Ọmọ tí a bí sí Port Harcourt lè má tíì mọ ọ̀nà ìlú bàbá rẹ̀. Oríkì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ júwe rẹ̀ fún un.