Bí A Bá Padà Sílé, Ẹ Má Jẹ́ Kí A Dá Ìdọ̀tí Padà Sódò

Ẹ̀yin ará wa tí omi lé kúrò nílé, ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń lọ wo ilé lójú ọ̀sán, ẹ sì ń padà wá sùn ní gbọ̀ngàn ìjọ lálẹ́. Ìbéèrè kan tí ẹ ń bi wá jù ni pé: níbo ni a ó kó ẹrẹ̀, fóòmù tó ti jẹrà àti ẹrù tó ti bàjẹ́ yìí sí? Odò ló sún mọ́ yín jù, a sì mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ìwé yìí ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí ó jẹ́ odò, àti ohun tí ẹ lè ṣe dípò rẹ̀.

Ohun tí Odò Ògùnpa ti kọ́ wa

Àwọn àgbà Ìbàdàn kò gbàgbé Omíyalé ti ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980. Òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa kún, ó sì ya wọ ilé. Èèyàn tó ju 200 lọ ló kú. Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá. Bí ẹ bá rí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ kò ní rò pé ó lè gbé àga, ká má tíì sọ ọkọ̀. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ti gba etí odò, pàǹtí sì ti gba inú rẹ̀. Nígbà tí omi dé, kò rí ọ̀nà gbà.

Ìjọba gbẹ́ odò náà, wọ́n sì fi kọnkéré ṣe etí rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya nílùú. Omi ìdídò Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá Àpẹ́tẹ̀ wó lọ, èèyàn tó ju 100 lọ sì kú. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ dídènà omíyalé ní Ìbàdàn. Owó wúlò, kọnkéré wúlò. Ṣùgbọ́n kọnkéré tí ọ̀rá àti ẹrẹ̀ dí kò lè gbé omi kọjá.

Bí pàǹtí ṣe ń di omíyalé

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan kò lè dí odò. Àmọ́ bí ó bá dé ẹnu kọ́fátì, yóò lẹ̀ mọ́ igi tàbí òkúta. Ọ̀rá kejì yóò dúró lé e, aṣọ àkísà yóò wé mọ́ wọn, lẹ́yìn náà fóòmù kan ṣoṣo yóò wá dí ojú ihò náà pátápátá. Nígbà tí òjò bá dé, omi yóò gun òkè títì, yóò sì wá ẹnu ọ̀nà yín.

Ẹrẹ̀ náà ní iṣẹ́ ibi tirẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń rọra ṣàn ni ẹrẹ̀ máa ń rọ̀ sí. Bí ó ti ń pọ̀ sí i ni inú odò ń ga sí i. Odò tó jìn tó ìdúró èèyàn tẹ́lẹ̀ lè má ju orúnkún lọ mọ́, òjò kékeré ni yóò sì mú un ya. Ìdí nìyí tí ẹrẹ̀ tí a kó kúrò ní pálọ̀ lónìí, tí a sì dà sínú gọ́tà, fi lè padà wọ pálọ̀ kan náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tí ojú kò rí

Ìgbẹ́, omi ìdọ̀tí ilé ìpẹran àti oúnjẹ tó bàjẹ́ jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kòkòrò tín-tìn-tín inú omi. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà bá tán, ẹja yóò kú, omi yóò dúdú, yóò sì máa rùn. Láàrin ìdọ̀tí yìí ni kòkòrò àrùn onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà, àti ti táífọ́ọ̀dù máa ń wà. Nígbà ìkún omi, odò àti kànga di ọ̀kan: ohun tí a dà sí odò ni a óò fà lókè nínú kànga.

Ọ́ìlì, epo bẹntiróò àti kẹmíkà tún yàtọ̀. A lè se omi kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n sísè kò lè yọ epo tàbí kẹmíkà kúrò nínú omi. Bí omi kànga yín bá ń rùn bí epo, ẹ má mu ún rárá, kódà bí ẹ bá sè é.

Ohun tí ẹ lè ṣe bí ẹ bá padà

1. Ẹ kó ẹrẹ̀ jọ sí ibi tó ga, tó jìnnà sí gọ́tà àti kànga. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì fi dí kòtò inú ọgbà. Ẹ má fi gbin ẹ̀fọ́. Ẹ wọ bàtà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

2. Ẹ ya ẹrù tó bàjẹ́ sọ́tọ̀: fóòmù àti aṣọ lọ́tọ̀, ike àti ọ̀rá lọ́tọ̀, irin àti páànù lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ra irin àti ike yóò gba tiwọn. Ẹ kó ìyókù jọ sí ojú kan ní àdúgbò kí ọkọ̀ lè wá kó o. Ẹ má sun fóòmù tàbí ike, nítorí èéfín wọn ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.

3. Ọ́ìlì tí a ti lò, tí mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí. Bátìrì ọkọ̀ àti ike oògùn kòkòrò, ẹ tọ́jú wọn síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

4. Ẹran tó kú, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí odò àti kànga, kí kòtò náà sì jìn kí ajá má bàa hú u.

5. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ṣáláńgá, ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí kànga tàbí odò tó mítà 30, ìyẹn bí ogójì ìṣísẹ̀ àgbàlagbà. Bí omi bá yọ bí ẹ ti ń gbẹ́ ẹ, ibẹ̀ kò dára. Ìgbẹ́ ọmọdé náà, ṣáláńgá ni kí ẹ dà á sí.

6. Ẹ má mu omi kànga tí àgbàrá wọ̀ títí àwọn wolé-wolé yóò fi da oògùn sí i. Kí wọ́n tó dé, ẹ wá omi níbòmíràn. Bí kò bá sí, tí omi náà kò sì rùn bí epo, ẹ sè é kí ó hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán.

7. Ẹ má gé ọparun tàbí koríko etí odò. Gbòǹgbò wọn ló di ilẹ̀ mú kí omi má bàa wó o lulẹ̀.

Ohun tó kọjá agbára ilé kan

A mọ̀ pé ẹ lè ṣe gbogbo èyí kí ọkọ̀ akólẹ̀ má sì dé. A tún mọ̀ pé kì í ṣe ìdọ̀tí inú ilé yín nìkan ló ń ba odò jẹ́. Ohun tí wọ́n dà sódò ní òkè, níbi Agodi, ni yóò kọjá lẹ́yìnkùlé ẹni tó wà ní Mọ́lété, ẹni náà kò sì lè nìkan bá ẹni òkè jà. Nítorí náà, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan èèyàn mẹ́ta: kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ọ̀kan sì jẹ́ ọ̀dọ́. Kí wọ́n máa wo ẹnu kọ́fátì ṣáájú òjò àti lẹ́yìn òjò. Bí wọ́n bá rí ilé iṣẹ́, ilé ìpẹran tàbí ọkọ̀ tó ń da ìdọ̀tí sódò, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé tí gbogbo àdúgbò fọwọ́ sí ṣòro láti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ́fíìsì wa yóò bá ẹ̀yin tó bá fẹ́ kọ ọ́ kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó nira láti sọ. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní etí odò gan-an, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra búlọ́ọ̀kù. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bá wa sọ̀rọ̀, kí a jọ lọ bá àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò, kí a mọ ibi tí omi dé àti ibi tí kò dé. Owó kékeré tó kù lọ́wọ́ yín kò yẹ kó bá àgbàrá lọ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí ẹnikẹ́ni nílé bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó dà bí omi, ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà mu lójú ọ̀nà. Ṣọ́bìrì, bàtà rọ́bà àti àpò ìkó-ìdọ̀tí wà lọ́dọ̀ àwọn aṣojú wa ní gbọ̀ngàn tí ẹ wà. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Ọlọ́run yóò mú wa padà sílé ní àlàáfíà.