Sàká fún Aláàbọ̀ Ara tí ó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó fi owó sàká lé aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, bí ó bá jẹ́ SSI, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún aláìní, ni ó ń gbà.

Ìjọba a máa ka ẹ̀bùn owó mọ́ ohun tí ó ń wọlé fún un. Bí a bá fún un ní 485 dọ́là lóṣù kan, 20 péré ni wọn kò níí kà. Wọn yóò yọ 465 kúrò nínú SSI rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni ó fi rí 485 náà, tí kò sí owó mìíràn, wọn kò níí ka 85, wọn yóò pín 400 tí ó kù sí méjì, 200 nìkan ni wọn yóò yọ. Òógùn ojú rẹ̀ wá ṣe é lóore ju ọrẹ wa lọ!

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á bá a ra ohun èlò iṣẹ́, kí á san owó náà fún ẹni tí ó ń tà á. Kí á gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀ ná o, ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ni sàká. Oúnjẹ náà kò dín SSI kù mọ́ láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá wà láàárín 18 sí 64, ètò Ticket to Work yóò bá a wá iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó ṣáà máa sọ iye tí ó ń gbà fún iléeṣẹ́ Social Security lóṣooṣù, kí wọ́n má baà ní kí ó wá dá owó padà.