Ajá Tí Ọdẹ Kò Fọn Fèrè Pè Mọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ọ̀rọ̀ náà yí padà: ajá ń tẹ́tí, ọdẹ ni kò fọn fèrè mọ́.

Galgo ni wọ́n ń pe irú ajá tí à ń wí yìí. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bí ẹni pé kò jẹun rí. Ojú ni ó fi ń ṣọdẹ ju imú lọ, ehoro ni wọ́n sì ń fi í lé ní pápá gbalasa La Mancha, Castilla àti Andalucía. Irú ajá yìí ti pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Cervantes fi mẹ́nu bà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Don Quixote, tí ó jáde ní ọdún 1605.

Nígbà tí àkókò ọdẹ ehoro bá kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù kìíní ọdún, ìdààmú dé. Èyí tí kò yára mọ́, tàbí tí ó fara pa, di ẹrù lọ́rùn olówó rẹ̀. Wọ́n á já òmíràn sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á fi òmíràn sílẹ̀ nínú oko. Kì í ṣe gbogbo ọdẹ ni ó ń hu irú ìwà yìí o. Ìjọba Sípéènì ṣe òfin ààbò ẹranko tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ajá ọdẹ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí òjò ń pa ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.

Nítorí náà ni àwọn aláàánú fi ń gbà wọ́n tọ́, ní Sípéènì fúnra rẹ̀ àti ní Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ni ajá méjì tàbí mẹ́ta ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, nítorí bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ tí kò tán, ajá tí ó dé kẹ́yìn ni wọ́n máa ń dá padà, ó sì di ẹni tí a kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má ṣe mú àlejò wọlé tààrà. Kí àwọn ajá náà pàdé níta, níbi tí ọ̀kankan nínú wọn kò kà sí tirẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan di okùn ajá kan mú, kí wọ́n jọ rìn gba ọ̀nà kan náà, kí wọ́n má ṣe kọjú síra. Èyí tí ó tutù jù lọ ni kí ó kọ́kọ́ sún mọ́ àlejò. Ajá tí ń gbó kò bani lẹ́rù tó èyí tí ara rẹ̀ le gan-in tí ó sì tẹjú mọ́ èkejì láìṣẹ́jú. Nínú ilé, kí oúnjẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ebi ti fojú rẹ̀ rí màbo kì í fi àwo ṣeré. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan án lójijì nígbà tí ó bá sùn.

Ajá kékeré tí ń sáré tí ó sì ń ké lè jọ ehoro lójú rẹ̀. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ máa di galgo lẹ́nu bí wọ́n bá ń ṣeré pọ̀. A kò sì gbọdọ̀ tú u sílẹ̀ ní gbangba: ó lè sáré tó 60 kìlómítà ní wákàtí kan, orí rẹ̀ sì tín-ín-rín ju ọrùn lọ, okùn ọrùn lásán á bọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí àrùn leishmaniasis tí kòkòrò kan ń tan kálẹ̀ ní Sípéènì, àti àrùn tí eégbọn ń kó ranni.

Ohun ìyanu ni pé galgo kì í sábà bẹ̀rù ajá, nítorí àárín wọn ni ó gbé dàgbà. Ilé ni ó ń bà á lẹ́rù: ilẹ̀kùn onígíláàsì, ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ, àti àtẹ̀gùn. Àwọn ajá onílé ni ó ń wò kọ́gbọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn fún ọjọ́ díẹ̀, tí kò jẹ́ gòkè fún ẹ̀bẹ̀ tàbí ẹran, àfi ìgbà tí ajá onílé gun un, tí òun náà sì gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé e.