Ààtàn Tí Ó Di Ọgbà Ẹ̀fọ́

Bóyá ahoro kan wà ní àdúgbò yín tí gbogbo ènìyàn ń da ìdọ̀tí sí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dà ní ìlú New York, ní Amẹ́ríkà.

Ní àwọn ọdún 1970, ìyà jẹ ìlú náà. Ọ̀pọ̀ onílé pa ilé wọn tì; òmíràn jóná, òmíràn wó, ilẹ̀ wọn sì di ààtàn. Ní ọdún 1973, obìnrin kan tí ń jẹ́ Liz Christy àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ wọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan ní ìkóríta òpópónà Bowery àti Houston. Wọ́n kó pàǹtí jáde, wọ́n sọ ọgbà yí i ká, wọ́n gbé erùpẹ̀ rere wá, wọ́n sì kọ ebè 60 tí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí. Ní ọdún 1974, ìjọba ìlú fi ilẹ̀ náà yá wọn ní dọ́là kan péré lóṣù. Àwọn àdúgbò mìíràn rí i, àwọn náà mú ọkọ́.

Kí ni ọgbà ń ṣe fún àdúgbò? Ẹni tí ó gbin ata yóò wá bomi rin ín. Bí ó ti ń wá lójoojúmọ́, yóò mọ aládùúgbò rẹ̀, yóò sì mọ ọmọ ta ni ń ṣeré níbẹ̀. Ibi tí ojú bá wà, oníṣẹ́ ibi kì í fẹ́ dúró. Ní ìlú Philadelphia, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí lórí ahoro 541. Wọ́n tún àwọn kan ṣe, wọ́n gbin koríko àti igi díẹ̀ sí wọn. Wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 ni pé, ní àdúgbò àwọn tálákà, ìwà ipá ìbọn dín kù ní ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí wọ́n tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Ní ọdún 1999, ìjọba New York fẹ́ gbé ọgbà tí ó ju 100 lọ sí gbàǹjo. Ilẹ̀ kì í ṣe ti àwọn tí ń ro ó! Àwọn ológbà fi ẹ̀hónú hàn, ẹgbẹ́ méjì sì dá owó láti rà wọ́n. Bette Midler, gbajúmọ̀ olórin, ni ó dá ọ̀kan nínú wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ọkọ́, ẹ wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ wo ibi tí omi yóò ti wá. Bí ilé bá ti wó síbẹ̀ rí, ẹ gbé erùpẹ̀ tuntun wá. Ẹ pín ebè láàárín ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì gbàgbé àwọn ọmọdé. Ebè mẹ́ta tó fún ìbẹ̀rẹ̀.