Arúgbó Kọ́ Ni Àgbà: Bí Ó Ti Yẹ Kí A Ṣe Wọ́n Lórí Ìtàgé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní í rí i. Òwe yìí bá àwọn ọ̀dọ́ òṣèré wí. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ ogún ọdún ṣe bàbá àgbà nínú eré, kíá ni yóò di ọ̀pá mú, yóò fi ẹfun kun orí, yóò tẹ ẹ̀yìn, yóò sì máa wúkọ́. Àwọn òǹwòran a bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n rí? Arúgbó ni wọ́n rí, wọn kò rí àgbà. Ara ní í sọ ènìyàn di arúgbó; ìwà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ní í sọ ọ́ di àgbà.

Àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí mọ ìyàtọ̀ náà. Nínú The Gods Are Not to Blame, eré tí Ọlá Rótìmí gbé jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, afọ́jú ni Bàbá Fákúnlé, ọmọdé ní í fà á lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó dé iwájú Ọba Ọdẹ́wálé, kò bẹ̀rù láti sọ òtítọ́ tí ọba kò fẹ́ gbọ́. Ojú rẹ̀ fọ́, ṣùgbọ́n òun ni ó ríran jù láàfin.

Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bábá Sàlá, tí a bí ní 1936 tí ó sì kú ní 2018, gba ọ̀nà mìíràn. Bàbá arúgbó tí ó máa ń ṣe jẹ́ ahun àti oníwọra, a sì máa wọ awò ojú ràgàjì. Kì í ṣe ogbó ni ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: òun gan-an ni ó ń fi ẹ̀rín sọ.

Níbo wá ni ọ̀dọ́ yóò ti kọ́ ọ? Láti 1982 ni yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ eré ṣíṣe. Ilé àwọn àgbà kò jìnnà síbẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí akẹ́kọ̀ọ́ wo ìyá àgbà tí ń fi oríkì kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lówùúrọ̀. Kí ó wo bàbá tí eyín rẹ̀ ti ká, tí ń rin obì, tí ó sì ń béèrè bí òjò ti rọ̀ sí lóko kòkó tí kò lè lọ mọ́. Ní etí ọ̀sà ní Ìwopin, kí ó wo apẹja tí kò wa ọkọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì mọ àwọ̀n tún ṣe. Kí ó fetí sí èdè Ìjẹ̀bú lẹ́nu wọn. Yóò rí i pé kì í ṣe àìlera nìkan ni ó ń mú àgbà fa ọ̀rọ̀. Ó ń wọn ọ̀rọ̀ náà kí ó tó sọ ọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kì í bá bàbá àgbà gbé ilé mọ́. Arúgbó orí ìtàgé lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí wọn yóò mọ̀. Bí ikọ́ nìkan ni ó bá ń wú, ikọ́ ni wọn yóò máa fi rẹ́rìn-ín, wọn kò ní í dúró gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ lẹ́yìn ikọ́ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí arúgbó, ta ni yóò ké sí? Nítorí náà, ẹni tí yóò bá ṣe àgbà lójú agbo, kí ó kọ́kọ́ lọ jókòó ti àgbà nílé.