Láti Inú Mọ́lúè Bọ́ Sínú Kòrópé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí kì í ṣe ti ọlọ́kọ̀ nìkan. Ó kan olùkọ́ tí ó ń jí ní kùtùkùtù ní Ọmọlé kí ó tó lè dé Agége, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ ọ̀sán mọ́ lẹ́nu. Kí ni ó dé tí ẹni tí ó ní ọkọ̀ ńlá fi ń tà á, tí ó sì ń ra kékeré?

Bọ́lẹ̀kájà, lọ́rì onígi, ni ó kọ́kọ́ gbòde ní Èkó. Mọ́lúè ni ó gba ipò rẹ̀: orí lọ́rì Mercedes-Benz 911 ni àwọn ajórin wa ti ń kan ara irin rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dáńfó, tí ó jẹ́ Volkswagen ní ìbẹ̀rẹ̀, wá ń bá a du èrò. Kòrópé tí ó ń gba ènìyàn 7 sì tún kéré ju dáńfó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó díẹ̀. Ká ní èrò kan ṣoṣo ni ó ń dé sí Berger ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí mọ́lúè bá ní ìjókòó 44, ẹni tí ó kọ́kọ́ wọlé yóò fi ìṣẹ́jú 43 jókòó kí ọkọ̀ tó kún. Nínú dáńfó tí ó gba 14, ìṣẹ́jú 13 ni. Nínú kòrópé, ìṣẹ́jú 6 péré. Ta ni yóò dúró? Èrò yóò bọ́ sílẹ̀, yóò wọ kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ńlá náà kò sì ní kún láéláé. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni tirẹ̀, nígbà tí èrò bá ń rọ́ wá bí omi. Láàárín ọ̀sán, taya 6 àti ẹ́ńjìnnì ńlá ń jẹ owó lórí ìjókòó òfìfo. Yàtọ̀ sí èyí, inú òpópónà Ọmọlé tí ó ní géètì kò gba mọ́lúè.

Nítorí náà, ẹni tí ó tà á kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé èrè nìkan ni ó wà níbẹ̀. Kòrópé 6 kò tíì gbé èrò mọ́lúè kan tán. Awakọ̀ 6 ni yóò jẹun níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì 6 ni yóò mu epo, gbogbo wọn yóò sì tò sójú ọ̀nà kan náà. Ọmọkùnrin tí ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà mọ́lúè kò ríṣẹ́ mọ́, nítorí awakọ̀ kòrópé sábà máa ń gba owó fúnra rẹ̀. Ìyá alátà tí ó ti ń ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì sábẹ́ ìjókòó yóò san owó ènìyàn méjì. Èmi kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ka ìyá yìí mọ́ ìṣirò rí.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà ní oṣù kẹta ọdún 2008, nígbà tí ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS. Ọkọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n wọ́n pín ojú ọ̀nà fún un, kò sì sí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bí i ti mọ́lúè. Ìwọ̀n ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ó pa mọ́lúè. Ọ̀nà tí a fi í sí wà níbẹ̀. Ní ọdún 2021, ìjọba kan náà kó ọkọ̀ kékeré jáde fún àwọn òpópó inú àdúgbò. Nígbà tí ó di ọdún 2024, rélùwéè Agbádó sí Oyíngbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń dúró ní Agége àti Ìkẹjà.

Ẹni tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ lónìí, ibo ni ó ń ná? Bí ó bá jẹ́ láti ẹnu géètì dé ibùdó rélùwéè, kí ó ra kékeré. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn ni, tí èrò ti san owó kí wọ́n tó jókòó, kí ó fara balẹ̀ kí ó tó pe ẹni tí yóò rà á.